Wolé-wolé àti Ápù Inú Ìkòkò Yanrìn

Láyé ọjọ́sí, bẹ́ ẹ bá rí ìkòkò omi tó ń gbọ̀n ní àdúgbò wa ní Pọ̀rògún, ẹ má rò pé ilẹ̀ ló ń mì. Bọ́dúnrìn ló ń bọ̀. Iṣẹ́ wolé-wolé ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ kéèyàn máa wọ ilé onílé, kó máa ṣí ìkòkò omi wò bóyá ẹ̀fọn ti yé sí i. Ó mọ ọmọ ẹ̀fọn lójú bí olùkọ́ ṣe mọ ọmọ tó máa ń pẹ́ dé. Wọ́n ní àwọn ẹ̀fọn Ìjẹ̀bú-Òde ṣèpàdé nítorí ẹ̀ lọ́dún kan, wọ́n sì fẹnu kò pé kí gbogbo àwọn kó lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. N kò sí níbi ìpàdé náà o, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ariwo wọn nígbà tí wọ́n ń kọjá lọ.

Ògiri kan péré ló wà láàárín ilé tèmi àti tiẹ̀, nítorí náà ẹ gbà mí gbọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó dá káàkí ìjọba padà, àmọ́ kò dá ojú wọn padà. Bẹ́ ẹ bá fún un lóbì, á pa á, á wo inú ẹ̀, á wá na ìdajì sí yín, á sì máa wo ọ̀fun yín títí obì yẹn á fi sọ̀ kalẹ̀. Bó bá lọ síbi ìnáwó, nínú àpò ẹ̀ ni ife omi tiẹ̀ ń wà. Lẹ́yìn tí ìyàwó ẹ̀, Mosúnmọ́lá, kú, òun fúnra ẹ̀ ló ń se oúnjẹ ẹ̀. Òun ni yóò ra ewùrà, òun ni yóò rin ín, òun ni yóò fi se ìkọ́kọrẹ́, síbẹ̀ tó bá jinná tán, á ṣí ìdérí díẹ̀, á yọjú wò ó bí ẹni pé ẹlòmíì ló sè é. Ọkùnrin náà ń fura sí ara ẹ̀.

Ẹ wá wo irú bàbá bẹ́ẹ̀ kí ọmọ ẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo lọ fẹ́ràn ọmọbìnrin kan.

Olúyọmí lorúkọ ọmọ náà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, tó jẹ́ pé bí ẹ bá jókòó tì í, ẹ lè gbàgbé pé èèyàn wà níbẹ̀. Lọ́dún 1986 ló rí Rachel, ọmọ Ìkìrun, tó ń kàwé olùkọ́ ní Ìjagun, tó sì jẹ́ pé ẹ̀kọ́ oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé ló yàn. Bí oṣù díẹ̀ sí i, Bọ́dúnrìn yọrí sí mi lórí ògiri láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú ẹ̀ dà bíi ti ẹni tó rí ẹsẹ̀ olè nínú oko ẹ̀.

“Bàbá Bùsọ́lá, ọmọ mi ń kọrin nínú balùwẹ̀.”

“Orin wo?”

“Kì í ṣe irú orin ni mo ń sọ fún ọ. Ọmọ yẹn kì í kọrin. Ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an, kò ké.”

“Ó ké. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí yìí.”

“Ó tún ń fọ síńgílẹ́ẹ̀tì ara ẹ̀. Ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò fún ní nǹkan kan jẹ, kí ló ń fọ síńgílẹ́ẹ̀tì sí?”

“Bóyá ó dọ̀tí ni.”

“Ó ti ń dọ̀tí tipẹ́. Èé ṣe tó jẹ́ ìsinsìnyí ló rí i?”

Bọ́dúnrìn sọ ohùn ẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ó dá òun lójú pé ọmọbìnrin Ìjagun yẹn ti fún Olúyọmí lóògùn ìfẹ́ jẹ, àfi kí òun rí ẹ̀rí ló kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti le nìyí. Bàbá Rachel ránṣẹ́ láti Ìkìrun pé àwọn ará ilé ọmọkùnrin kan níbẹ̀ ti wá kí àwọn nítorí Rachel, wọ́n sì tún ti padà wá. Ó ní tí bàbá Olúyọmí kò bá yọjú wá tọrọ ọmọ kí ọdún Àjíǹde tó wọlé, àwọn yóò dá àwọn ará ilé ọmọkùnrin yẹn lóhùn. Olúyọmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá ẹ̀. Bọ́dúnrìn wo ẹ̀yìn orí ẹ̀ títí, ó ní:

“N kò ní í wọ ọkọ̀ lọ tọrọ ọmọ tí n kò tíì rí ọwọ́ ẹ̀ nínú ìkòkò. Sọ fún un kó wá se nǹkan níwájú mi. Bí mo bá lè jẹ ẹ́, n ó lọ sí Ìkìrun. Bí n kò bá lè jẹ ẹ́, o lè máa kọrin ẹ lọ.”

Ká ní wọ́n bi mí, ǹ bá ní kí ọmọ náà se ẹ̀wà. Ẹ̀wà kò ní àṣírí. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ìwé ni, ohun tó fi gba máàkì jù lọ́dọ̀ olùkọ́ ẹ̀ ló fẹ́ fi gba ọkọ. Oúnjẹ òyìnbó kan ni, kírọ́ńbù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á gé ápù wẹ́wẹ́, wọ́n á fi fúláwà tí wọ́n fi bọ́tà àti ṣúgà rún bò ó lórí, wọ́n á yan án, wọ́n á jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Ó ń dùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé wolé-wolé lẹ fẹ́ gbé e fún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Bọ́dúnrìn gbé àga ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbé tọ́ọ̀ṣì sórí itan nígbà tí oòrùn wà lókè gangan, ó sì pè mí lórí ògiri.

“Máa bọ̀ wá ràn mí lọ́wọ́ wò ó. Ojú mi méjèèjì kò ní í tó.”

Mo lọ jókòó tì í. Rachel dé, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó kí wa débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ó wé gèlè kékeré mọ́rí pinpin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú agbọ̀n ẹ̀. Àwọn ápù náà, ó fi bébà ìwé ìròyìn dì wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Kí ló dé tí o fi dì wọ́n bí ẹrù fàyàwọ́?” Bọ́dúnrìn bi í.

“Kí wọ́n má baà fara bó ni sà.”

“Níbo lo ti rí wọn? Èmi ò rí ápù lọ́jà Òkè-Àjé.”

“Ọ̀rẹ́ mi kan ló bá mi rà á bọ̀ láti Èkó, sà.”

“Èkó rí i níbo?”

Ọmọ náà kò mọ ibi tí Èkó ti rí i. Bọ́dúnrìn yíjú sí mi. “Ó dákẹ́,” ló wí.

Rachel bó ápù, ó gé e, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Bọ́dúnrìn ní kí nìyẹn. Rachel ní kí ápù má baà dúdú ni. Bọ́dúnrìn ní kí ló wà nínú ápù tó fẹ́ dúdú. Ọmọ náà tún da yanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò ńlá, ó gbé e ka iná èédú.

“Yanrìn ni ò ń sè fún mi?”

“Rárá o, sà. Kò sí ààrò búrẹ́dì níhìn-ín, ìkòkò yìí ló máa di ààrò. Inú yanrìn tó bá gbóná ni n ó gbé páànù lé.”

“Bọ́dún,” mo ní, “bẹ́ẹ̀ ni àbúrò ìyá mi ṣe máa ń yan kéèkì. Kéèkì ẹ̀ ga débi pé wọ́n ń fi àkàbà gé e.” Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbájú mọ́ iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Rachel da fúláwà sínú abọ́, ó fi bọ́tà inú agolo sí i, ó fi ṣúgà sí i, ó ń fi orí ìka rún un, títí ó fi di hóró hóró. Bọ́dúnrìn tẹ̀ síwájú lórí àga.

“Ó jọ gaàrí,” ló wí, ohùn ẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. Ìjẹ̀bú kan kì í rí ohun tó jọ gaàrí kó tún le mọ́ ọn púpọ̀. Èmi gan-an rò pé ìjà ti tán.

Ìgbà náà ni Rachel ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ agbọ̀n, tó mú ìgò kékeré kan jáde. Ìgò náà kò ní ìwé kankan lára, ìwé ara ẹ̀ ti ṣí kúrò. Ẹ̀bu pupa rúsúrúsú ló wà nínú ẹ̀. Ó ṣí ọmọrí, òórùn kan sì jáde tí n kò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

“Dúró níbẹ̀,” Bọ́dúnrìn wí. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ìgò náà. “Kí nìyẹn?”

“Sínámọ́nì ni sà.”

“Kí ni wọ́n fi ṣe é?”

Ọmọ ọlọ́mọ ì bá purọ́. Ì bá ní ṣúgà ni. Ṣùgbọ́n wọ́n bí òótọ́ mọ́ ọn.

“Èèpo igi ni sà. Wọ́n á bó o, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́.”

Ẹ̀yin náà ẹ bá mi gbé e wò. Èèpo igi, tí wọ́n sá, tí wọ́n lọ̀ kúnná, nínú ìgò tí kò lórúkọ, lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń wá ọkọ, tó sì fẹ́ bù ú sínú oúnjẹ bàbá ọkọ. Láti Ìbẹ́fùn títí dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń pe irú ẹ̀bu bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í pè é ní oúnjẹ. Olúyọmí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri káwọ́ lérí.

“Ó wà nínú Bíbélì, sà,” Rachel wí.

“Sátánì náà wà nínú ẹ̀,” Bọ́dúnrìn dá a lóhùn. Ó padà jókòó. “Máa bá iṣẹ́ ẹ lọ.”

Mo mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń dúró kí olè di ẹrù tán kó tó mú un.

Ọmọ náà bu ẹ̀bu náà sórí ápù, ó da fúláwà rírún bò ó, ó gbé páànù sínú ìkòkò yanrìn, ó dé e, ó sì kó ẹ̀yinná lé ìdérí. A jókòó, à ń wò ó. Nígbà tó ṣe, òórùn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó kọ́kọ́ fara balẹ̀, ó gun ògiri, ó bọ́ sí títì. Ọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ gbàgbé ibi tó ń lọ, títí dòní wọn kò tíì sọ fún un. Imú Bọ́dúnrìn ń gbọ̀n rìrì. Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó fi di imú.

“Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn,” ló wí láti inú aṣọ.

Ó jinná. Rachel ṣí i, orí ẹ̀ ti pọ́n, omi ápù ń hó yọ létí páànù. Ó bu ú sínú àwo, èéfín ń rú lára ẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú Bọ́dúnrìn.

“Ẹ wá jẹun, sà.”

Bọ́dúnrìn kò fọwọ́ kàn án. “Tọ́ ọ wò.”

Ọmọ náà wolẹ̀. “Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ná, sà.”

“Ẹni tó sè é ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ tèmi. Mú ṣíbí.”

“Mi ò lè jẹ ẹ́, sà.”

Bọ́dúnrìn rọra yíjú sí mi, bí adájọ́ tí ẹlẹ́rìí ti bá a parí iṣẹ́. “O gbọ́? Kò lè jẹ ẹ́.”

“Rachel, jọ̀ọ́,” Olúyọmí wí, “jẹ díẹ̀.” Ọmọbìnrin náà mi orí, omi ti lé ròrò sí i lójú. Olúyọmí bá na ọwọ́ sí ṣíbí kóun fúnra ẹ̀ jẹ ẹ́, bàbá ẹ̀ gbá ọwọ́ náà dànù.

“Ìwọ ti jẹ tìẹ. Òun lò ń kọ lórin.”

Bọ́dúnrìn dìde. Ó ní láyé òun, bí òun bá ń fura sí omi, òun máa ń bù lára ẹ̀ lọ fún àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bu ṣíbí kan nínú oúnjẹ náà, ó dà á sílẹ̀ fún àkùkọ ẹ̀, àkùkọ gàgàrà kan tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, tó sì kórìíra èèyàn.

“Bó bá mọ́, á jẹ ẹ́, á bá tiẹ̀ lọ,” ló wí. “Bó bá jẹ́ ohun tí mo rò ni, ẹ ó rí ẹni tó máa tẹ̀ lé.”

Àkùkọ jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu mọ́lẹ̀, ó gbórí sókè. Rachel dìde lọ síbi kànga láti fọwọ́. Àkùkọ tẹ̀ lé e. Ó yà sọ́tùn-ún, àkùkọ yà sọ́tùn-ún. Ó dúró, àkùkọ dúró. Ó padà wá, àkùkọ bá a padà, ó jókòó lé e lẹ́sẹ̀, ó sì ń wò ó lójú bí ọkọ ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà ní fọ́tò.

“Ó tán,” Bọ́dúnrìn wí. “Àkùkọ mi náà ti di àna Ìkìrun.”

Rachel bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́ ẹ̀ sínú agbọ̀n. Olúyọmí náà wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú báàgì tiẹ̀. Ó dúró ti Rachel, ojú ẹ̀ dà bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù inú ẹ̀ tán. Bọ́dúnrìn rí báàgì yẹn.

Èmi ti ń wo aṣọ ìró ọmọbìnrin náà láti ìgbà tó ti dìde. Hóró fúláwà àti ṣúgà ló kún ibẹ̀, ó ń já bọ́ bó ṣe ń rìn.

“Bọ́dún,” mo ní, “gbé àwo yẹn dání.”

“Kí n gbé e ṣe kí ni?”

“Gbé e dání kí o sì máa rìn.”

Ó gbé e. Àkùkọ fi Rachel sílẹ̀, ó gbá tẹ̀ lé e. Bọ́dúnrìn yí ilé ìdáná ká, àkùkọ yí i ká.

“Ọ̀rẹ́ mi,” mo ní, “ṣé ìwọ náà ti fún un ní nǹkan jẹ ni?”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àwo náà fún mi, àkùkọ bá mi. Mo gbé e sórí ògiri, àkùkọ bẹ̀rẹ̀ sí í fò mọ́ ògiri. Ẹ̀fúùfù kan fẹ́, ó gbé òórùn náà lù wá. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ wá ẹ̀rí kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i nígbà tó bá dé.

“Oúnjẹ ló ń bá rìn,” ló wí níkẹyìn.

“Oúnjẹ ni.”

“Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ oúnjẹ, kí ló dé tí kò jẹ ẹ́?” Ó yíjú sí Rachel. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó pa tọ́ọ̀ṣì. “Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé?”

Rachel gbé agbọ̀n sílẹ̀. “Ìyá mi ni, sà. Nílé tiwa, ìyàwó kì í la ẹnu jẹun níṣojú bàbá ọkọ. Ọjọ́ tí mo ń bọ̀ wá ilé ìwé ló ti kìlọ̀ fún mi, pé bí òun bá gbọ́ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀, òun ò bí mi mọ́. N ó se é fún yín, n ó fọ àwo ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè jẹ ẹ́ lójú yín. Bẹ́ ẹ bá ní kí n má fẹ́ ọmọ yín, mo ti gbọ́, sà. Kí ẹ má ṣáà sọ pé wọn ò kọ́ mi nílé.”

Ẹ rí i bí ọ̀ràn náà ṣe rí. Ọkùnrin yìí kò lè jẹun bí ọmọ náà kò bá jẹ. Ọmọ náà kò lè jẹ bí ọkùnrin yìí bá ń wò ó. Kò sì sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú wọn. Èéfín orí àwo ti ń dín kù. Olúyọmí ń wo bàbá ẹ̀, báàgì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Bọ́dúnrìn mú àga ẹ̀ lápá, ó gbé e yí padà, ó sì jókòó, ó kọjú sí ògiri.

Mo gbá ògiri mú kí n má baà ṣubú. Ọkùnrin yìí ò kẹ́yìn sí ìkòkò rí láyé ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sin ìyàwó ẹ̀ pàápàá, ó wẹ̀yìn wo àwọn alásè.

“Jẹ ẹ́,” ló wí fún ògiri. “Mi ò wò.” Ó tún ní, “Bàbá Bùsọ́lá, ìwọ bá mi wò ó. Ìwọ kì í ṣe bàbá ọkọ ẹnì kan níhìn-ín.”

Mo gbé àwo kúrò lórí ògiri fún Rachel, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn àga náà, ó fi ọwọ́ kan bo ẹnu, ó fi ọwọ́ kejì mú ṣíbí. Orí kírọ́ńbù náà ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nínú ẹnu ẹ̀. Mo rí i tí etí Bọ́dúnrìn sún sẹ́yìn bíi ti ehoro.

“Ó ti fi sẹ́nu,” mo ní.

“Ṣé ó gbé e mì?”

“Ó gbé e mì.”

“Ṣé ó gbé e mì dáadáa?”

“Ó ti bu ṣíbí kejì.”

“Ṣíbí kẹta ńkọ́?”

“Ó ń bọ̀ lọ́nà.”

“Mi ò ní kó jẹ ẹ́ tán o,” Bọ́dúnrìn wí, ó sì yí àga ẹ̀ padà.

Ó gba àwo náà. Ó wo ṣíbí àkọ́kọ́ níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó fi sẹ́nu, ó pa ojú dé. Kò sọ pé ó dùn, kì í ṣe irú ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń jẹ ẹ́ ni, ó ń wo ṣíbí kọ̀ọ̀kan kó tó gbé e mì, àkùkọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń wo òun náà. Nígbà tí àwo kù díẹ̀ kó mọ́, ó sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

“Olúyọmí, ọkọ̀ Ìkìrun, àárọ̀ ló ń gbéra ni àbí ọ̀sán?”

“Àárọ̀ ni, sà,” Olúyọmí dáhùn, ó sì gbé báàgì ẹ̀ wọlé padà.